Ìsàlẹ̀ Ni Ẹrù Ti Ń Wọ́: Ohun Tí Ó Ń Fa Ọkọ̀ Kúrò Lójú Ọ̀nà Tààrà

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Àwa ará ilé kan náà ń lọ síbi ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí wa ní Ìlẹ́ṣà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó wa ọkọ̀. Màmá wa jókòó níwájú, èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì wà lẹ́yìn, ogún iṣu àti garawa epo pupa méjì sì wà nínú búùtù, nítorí pé ará Èkìtì kì í lọ síbi ayẹyẹ lọ́wọ́ òfìfo. A ti kọjá Ìyìn àti Ìgèdè kí n tó ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ sinmi lórí sítíárì. Ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ sí òsì, bí ẹni tí ó ń fi okùn fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Mo bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀tún ni ó máa ń fẹ́ yà sí. Ó ti pẹ́. Ó ti mọ́ mi lára."

Títì tí ó gba Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n lọ sí ìhà Ẹ̀rínmọ̀, kì í ṣe títì tí ó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ènìyàn lára. Òkè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀nà ń lọ́ bí ejò, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń pàdé ẹni. Níbi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà sì yà bàrà sí ọ̀tún. Táyà bọ́ sórí òkúta wẹẹrẹ etí títì. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di okùn ìjókòó rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n mi dá ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ẹ̀rínmọ̀, àní àwọn ọmọ pàápàá.

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kì í lọ tààrà. Sítíárì ni ọwọ́ wa wà, sítíárì náà ni a sì máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ń wọ́ ń bẹ nísàlẹ̀ níbi tí táyà ti ń kan ilẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ fọ́kánáísà ní Adó-Èkìtì. Mo rò pé yóò gbé sípánà ni. Kò gbé e. Ó lóṣòó síwájú ọkọ̀, ó wo táyà kan, ó wo èkejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú wọn bí ẹni tí ń ra orí ọmọ, lẹ́yìn náà ni ó mú géèjì. Táyà iwájú òsì jẹ́ 33. Ti ọ̀tún jẹ́ 21. Bàbá náà gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ọmọ mi, ìgbà wo ni o ti wọn afẹ́fẹ́ kẹ́yìn?" Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí nọ́ńbà méjì yìí fi ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wọ́pọ̀ nínú ìdílé wa wúwo tó kìlógíráàmù 1,300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìwúwo yìí, pẹ̀lú ènìyàn àti iṣu inú búùtù, ojú mẹ́rin péré ni ó fi ń kan ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ púpọ̀. Gbogbo yíyà, gbogbo dídúró àti gbogbo lílọ tààrà, ojú mẹ́rin yẹn ni ó ń ṣe é. Bí afẹ́fẹ́ ọ̀kan bá kéré, ẹ̀gbẹ́ táyà náà yóò rọ̀, yóò máa tẹ̀ wọnú bí ó ti ń yí, yíyí rẹ̀ yóò sì nira ju ti èkejì lọ. Ẹ fojú inú wo ènìyàn méjì tí wọ́n jọ ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù kan, tí ọ̀kan wá ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ yóò máa yà sí. Bí a bá wá tẹ bíréèkì, tí ìwúwo ọkọ̀ rọ́ síwájú lé àwọn méjèèjì lórí, ìyàtọ̀ náà yóò hàn kedere. Ohun tí ó bá wa lórí òkè Ẹ̀fọ̀n nìyẹn.

Ewu kejì burú ju yíyà lọ. Táyà tí ń tẹ̀ tí ó sì ń nà láìdúró yóò gbóná láti inú wá. Ooru yìí ni ó ń tú wáyà àti fọ́nrán tí a fi hun inú táyà ká, títí táyà yóò fi bẹ́ lójijì nígbà tí eré bá pọ̀. Nígbà tí James Ocholi, ẹni tí ó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 2016, táyà tí ó bẹ́ wà lára ohun tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tọ́ka sí.

Ibi tí a ti ń mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kò jìnnà. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ óò rí ìwé pélébé kan tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà lẹ̀ mọ́ férémù. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó máa ń wà láàárín 30 sí 35, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ síbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Nọ́ńbà tí ó wà lára táyà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìmọ̀ràn. Òpin ohun tí táyà náà lè gbà mọ́ra ni. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni a ń wọ̀n ọ́n, nítorí pé táyà tí ó ti sáré yóò fi nǹkan bí 4 tàbí 5 ga ju bí ó ṣe yẹ lọ. Mo ti rí awakọ̀ tí ó dúró ní ọ̀sán gangan tí ó ń tú afẹ́fẹ́ táyà gbígbóná dànù, tí ó rò pé ó pọ̀ jù. Bí táyà yẹn bá tutù lálẹ́, ó ti di aláìtó.

Bàbá fọ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó ní kí a lọ wà á wò. A gba ọ̀nà Ìwòrókò. Yíyà náà dínkù gidigidi, ṣùgbọ́n kò tán. Àwa tí a ti ń rò pé a ó sanwó kí a máa lọ ilé ni ó wá kọ́ ní ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀ mọ̀, nítorí kò ná ni ní nǹkan kan ju jáàkì àti sùúrù lọ. Ó ní kí a pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì: kí ti ọ̀tún bọ́ sí òsì, kí ti òsì bọ́ sí ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí òsì, a jẹ́ pé inú táyà ni àìsàn wà, ó sì ti bá táyà ṣí lọ. Bí ó bá ṣì ń yà sí ọ̀tún, táyà kò jẹ̀bi. Kí a wá ọ̀ràn náà lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tàbí bíréèkì. Òótọ́ ni pé táyà kan lè wà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé, tí ojú rẹ̀ dára, síbẹ̀ tí bí wọ́n ṣe ṣe é, tàbí bí ó ṣe jẹ, mú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ ní ìwọ̀n tí ojú kò rí. Irú táyà bẹ́ẹ̀ yóò máa yí bí ife tí a dá dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, tí kì í lọ tààrà láéláé. Ẹ kàn rí i dájú pé kò sí ọfà lára táyà náà kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí a ṣe láti máa yí sí apá kan ṣoṣo.

A pààrọ̀ wọn. Ọ̀tún náà ni ó ń lọ.

Kí a tó débi ẹsẹ̀ ọkọ̀, mo gbọ́dọ̀ gba títì sílẹ̀ díẹ̀, nítorí pé òun náà máa ń jẹ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì máa ń jẹ̀bi nígbà mìíràn. Àwọn tí ń ṣe títì máa ń jẹ́ kí àárín rẹ̀ yọ sókè kí omi òjò lè ṣàn lọ sí gọ́tà. Ọ̀tún ni àwa ń rìn, nítorí náà ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ dà díẹ̀ sí ọ̀tún. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá lè rọra máa yà sí ọ̀tún lórí irú títì bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ ti dán an wò, kí ẹ má baà ná owó lé àìsàn tí kò sí.

Èmi tí mo kàwé gboyè nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá ti gbìyànjú láti wá ọ̀rọ̀ tí ó bá àláínmẹ́ǹtì mu. Mo sọ fún bàbá pé a lè pè é ní "ìtòdọ́gba ẹsẹ̀ ọkọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn oníbàárà òun kì í sọ ju pé "ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi ń wọ́," òun sì mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Mo gbà fún un. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò nínú rẹ̀. Èkíní ni ibi tí orí táyà iwájú kọ sí nígbà tí a bá wò ó láti òkè. Àwọn ènìyàn kan wà tí ìka ẹsẹ̀ wọn máa ń kọjú síra bí wọ́n bá ń rìn, àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn kọ̀yìn síra. Táyà náà rí bẹ́ẹ̀. Bí orí táyà kan bá fi mìlímítà 3 péré yà kúrò ní ìlà ìdí rẹ̀, yóò máa wọ́ nílẹ̀ lọ́nà ẹ̀gbẹ́ tó bíi mítà 5 nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún kìlómítà 100: ìdajì kìlómítà ni a fi rọ́bà ha títì. Ìdí nìyẹn tí táyà tuntun fi lè jẹ tán kí ọdún tó yí po. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ra ojú irú táyà bẹ́ẹ̀ láti inú síta, tí ẹ tún rà á láti ìta sínú, ẹ óò rí i pé ó ń dán lọ́nà kan, ó sì ń gún ni lọ́wọ́ lọ́nà kejì. Ohun tí bàbá ń wá nìyẹn nígbà tí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rà á.

Èkejì ni bóyá táyà náà dúró ṣánṣán tàbí ó fì. Táyà tí òkè rẹ̀ fì síta ju bí ó ṣe yẹ lọ yóò máa fa ọkọ̀ sí ìhà tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ yóò sì jẹ kí èkejì tó jẹ.

Ẹ̀kẹta ni ó wù mí jù, nítorí òun gan-an ni ó ń jẹ́ kí sítíárì dá padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yà ní kọ̀ọ̀nà. Ẹ so okùn mọ́ ọmọ màlúù lọ́rùn kí ẹ máa fà á lọ: yóò tẹ̀ lé yín, bí ó tilẹ̀ yà díẹ̀, okùn yóò tún fà á bọ̀ sí ìlà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró sẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ ń tì í, yóò yà síhìn-ín, yóò yà sọ́hùn-ún. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fi ọgbọ́n gbé ọ̀pá tí táyà iwájú fi ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún fì sẹ́yìn díẹ̀, kí ìlà rẹ̀ lè kan ilẹ̀ ṣáájú ibi tí táyà fúnra rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ń fa táyà, kì í tì í. Bí kòtò bá wá gbá apá kan tí ọ̀pá ìhà yẹn rọ́ sẹ́yìn, ìhà méjèèjì kò ní fà bákan náà mọ́, ọkọ̀ yóò sì máa yà. Ní ìlú tí òjò ń sọ títì di kòtò láàárín oṣù méjì, ọ̀pọ̀ nínú wa ti jẹ irú ọgbẹ́ yìí láìmọ̀.

Bàbá gbé ọkọ̀ sókè, ó di táyà ọ̀tún mú lọ́wọ́ òsì àti lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì mì í. Ó dún "kọ̀, kọ̀." Ó ní, "Tairọ́ọ̀dù ti jẹ." Irin tín-ín-rín tí ó ń gbé àṣẹ láti sítíárì dé ọ̀dọ̀ táyà ni tairọ́ọ̀dù. Bí orí rẹ̀ bá ti yọ, táyà yóò máa yí orí bí ó ti wù ú, pàápàá bí a bá tẹ bíréèkì. Ó wá fi ìbínú díẹ̀ sọ ohun kan tí ó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀: pé ẹni tí ó bá ṣe àláínmẹ́ǹtì fún ọkọ̀ tí tairọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ǹtì tàbí bọ́ṣì rẹ̀ ti jẹ kàn ń gba owó lásán ni. Ẹsẹ̀ tí kò dúró sójú kan kò ṣeé tò. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́wọ́ pé òun ti ṣe àláínmẹ́ǹtì náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn. Kò sí ẹni tí ó mi táyà rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ó tún kù kan. Bàbá fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà mẹ́rin kan tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 3713. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é. Táyà náà dàgbà ju ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kékeré lọ, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì péré ni ó ti wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wa. Tòkunbọ̀ ni. Ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi rà á. Ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn, ó ń gan, ó sì ń sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò ní bú ẹni tí ó ń ra tòkunbọ̀, nítorí mo mọ iye tí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ń gbà lóṣù. Kí ó ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn kí ó tó sanwó ni mo ń bẹ̀ ẹ́.

Ó sì dùn mí, kí n sọ òótọ́. Ní ọdún 1887 ni John Boyd Dunlop ṣe táyà aláfẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Belfast. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí àwọn agbẹ́rọ́bà fi kún inú igbó ilẹ̀ Yorùbá; ní 1895, rọ́bà tí ó gba Èkó jáde ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lọ, wọ́n sì gbẹ́ àwọn igi náà títí ọ̀pọ̀ fi kú. Lẹ́yìn náà a ní ilé-iṣẹ́ táyà tiwa, ti Dunlop ní Ìkẹjà àti ti Michelin ní Port Harcourt. Kí ọdún 2010 tó dé, méjèèjì ti dẹ́kun ṣíṣe táyà níbí. Ilẹ̀ tí ó ti fún ayé ní rọ́bà ni ó wá ń ra èyí tí ayé ti lò kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ra táyà tuntun méjì, ó sì fẹ́ fi wọ́n síwájú gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe. Bàbá ní rárá, ẹ̀yìn ni. Bí òjò bá rọ̀ tí iwájú bá yọ̀, ọkọ̀ yóò kàn fẹ́ máa lọ tààrà, awakọ̀ lè rọra dín eré kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ yóò pòòyì, agbára káká ni ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá awakọ̀ fi lè dá a dúró. Àwọn tí ń ṣe táyà fúnra wọn sọ ohun kan náà. Àwọn èyí tí ó dára nínú táyà àtijọ́ ni a fi síwájú, tòkunbọ̀ 2013 sì di ohun tí àwọn ọmọ ń jókòó lé lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ iṣu náà kò gbẹ́yìn. Ẹrù tí ó pọ̀ nínú búùtù ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé iwájú fúyẹ́, nígbà tí iwájú bá sì fúyẹ́, sítíárì á máa rìn lọ́wọ́ bí ẹni pé kò mọ ibi tí ó ń lọ. Ìwé pélébé ara ilẹ̀kùn máa ń ní ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mìíràn fún ọjọ́ tí ẹrù bá pọ̀. Bí sítíárì bá sì ń gbọ̀n nígbà tí eré bá dé 80 tàbí 100 láìyà sí ibì kankan, kì í ṣe àláínmẹ́ǹtì ni ó ń fẹ́, bálánsì ni, òjé kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ríìmù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sanwó ọ̀kan nígbà tí èkejì ni wọ́n nílò.

Mo bi bàbá pé bí táyà bá wá bẹ́ lójú ọ̀nà ńkọ́. Ó ní kí awakọ̀ di sítíárì mú ṣinṣin, kí ó yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ eré, kí ó má ṣe tẹ bíréèkì lójijì rárá, kí ó jẹ́ kí eré ọkọ̀ kú fúnra rẹ̀ kí ó tó yà sí etí títì.

Wọ́n pààrọ̀ tairọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sì ṣe àláínmẹ́ǹtì lọ́jọ́ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a tún gba ọ̀nà yẹn lọ kí ìyàwó tuntun. Nígbà tí a dé ibi tí títì tẹ́ lẹ́yìn Arámọkọ, ẹ̀gbọ́n mi dẹ ọwọ́ díẹ̀ lórí sítíárì láti fi hàn wá. Ọkọ̀ náà ń lọ tààrà. Ó yíjú sí Màmá, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tí ó gba ipò kìíní.

Màmá kò wò ó. Ó ní, "Di sítíárì rẹ mú."